Igi Mọ́kànlélọ́gọ́ta Nínú Oko Ìyá Mi

2.

…kí n gbé e sókè, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kí n sì wo àwọn iṣan rẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá Olúsànyà, tó ń kọ́ wa níṣẹ́, ní bí àrùn bá ti wọ igi kòkó, pupa yóò fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé tuntun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó ní kò ṣòro rárá. Ó ní ọmọ ọdún méje lè rí i.

Àwa méjìlá la gbé ewé sókè lọ́jọ́ náà. Àwọn mọ́kànlá ní, "A rí i, sà."

Èmi náà ní mo rí i.

3.

N kò rí nǹkan kan.

1.

(Ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló sáré.)

Orúkọ mi ni Àlàbá Gbádégẹṣin. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí báyìí, ní Àpòmù, ṣùgbọ́n ní ọdún 1947 mo fi oṣù mẹ́rin ṣe awògi. Àrùn kan ló wọ inú kòkó nígbà náà, tó ń mú ẹ̀ka wú, tó sì ń pa igi díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ awògi ni pé kí ó wọ oko olóko, kí ó wo igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ọ̀dà funfun kọ àgbélébùú sára èyí tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn agégi yóò gbé àáké dé.

Ọdún méje nìyí tí mo ti ń kó àwọn ìwé yìí sínú àpótí irinṣẹ́ mi. Òmíràn jẹ́ ìwé gidi. Òmíràn jẹ́ ohun tí mo rántí, tí mo sì kọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Níbi tí mo bá ti parọ́, màá sọ.

4.

ÒFIN FÚN ÀWỌN AWÒGI
(mo dà á kọ láti ojú pátákó, Ìkirè, oṣù karùn-ún, 1947)

Ewé tuntun ni kí awògi máa wò, kì í ṣe ewé àgbà.

Kí ó gbé e sí ojú oòrùn.

Bí pupa bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan, igi náà ń ṣàìsàn, bí ẹ̀ka rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì wú. Pupa ló ń ṣáájú. Wíwú lè pẹ́ tó oṣù mẹ́fà kí ó tó dé.

Igi aláìsàn, àti gbogbo igi tó bá fara kàn án, gígé ni.

Ọgọ́rùn-ún igi lóòjọ́ fún awògi kan.

Kí awògi má ṣe ojúsàájú fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́.

(Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo fi pẹ́ńsùrù kọ gbólóhùn kan kéékèèké, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ẹni tó jókòó tì í má baà kà á: *Báwo ni pupa ṣe ń rí?*)

5.

Ohun tí ìyá mi mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Susannah Ọ̀ṣúnrónkẹ́ ni orúkọ ìyá mi. Mo wà ní kékeré nígbà tó rán mi lọ já ata tó pọ́n lẹ́yìn ilé. Mo já kún igbá kan, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún rán mi padà. Mo tún já wọn papọ̀. Ìgbà kejì yìí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mú ata méjì, ó gbé wọn síwájú mi, ó ní kí n mú èyí tó pọ́n. Mo mú ọ̀kan.

Ó ní, "Ó dáa."

Ojú rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé mo ti ṣì í mú.

Kò sọ fún bàbá mi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo tó bá wọn lọ já kòkó, ó kọ́ mi ní ọ̀nà mìíràn: kí n fi ìka gbá kòkó lórí igi, kí n sì tẹ́tí sí i. Èyí tó pọ́n, hóró inú rẹ̀ ti tú, ìró rẹ̀ á ṣófo. Èyí tí kò pọ́n, ìró rẹ̀ á dí. Etí ni mo fi ń já kòkó títí bàbá mi fi kú, n kò sì já àìpọ́n rí. Àwọn aládùúgbò rò pé eré ni mò ń ṣe. Ìyá mi á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bó ṣe ń já tiẹ̀ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà láìmọ̀ pé ohun kan kù nínú ojú mi.

Irọ́ ni. Mo mọ̀.

6.

Lẹ́nu ìdánrawò, ọjọ́ kẹta. Èmi àti Sàídì, ará Àpòmù tí wọ́n fún mi láti máa gbé garawa ọ̀dà tẹ̀lé mi. Òun kò mọ̀wé kọ, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi mú un ní awògi.

SÀÍDÌ: Igi tó o fẹ́ kùn yẹn, kí ló ṣe é?

ÈMI: Ó ń ṣàìsàn.

SÀÍDÌ: Ara ẹ̀ le koko. Èyí tó o fò kọjá lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ní pupa.

ÈMI: Oòrùn ló ń pa mí lójú.

SÀÍDÌ: Oòrùn wo? Ojú ọjọ́ ti ṣú látàárọ̀.

(Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.)

SÀÍDÌ: Àlàbá, àwọ̀ wo ni fìlà mi yìí?

ÈMI: Fìlà ẹ dára.

SÀÍDÌ: Mi ò bi ọ́ bóyá ó dára.

(Mo wo fìlà náà, mo wo ilẹ̀.)

SÀÍDÌ: Sùbúhánàllà! Awògi tí ò rí igi! Wọ́n á mà fi wá rẹ́rìn-ín dé Ìbàdàn.

ÈMI: Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

SÀÍDÌ: Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Tí wọ́n bá lé ẹ, ta ni mo fẹ́ máa gbé ọ̀dà fún? Gbọ́. Tí n bá rí pupa, màá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá garawa lẹ́ẹ̀kan. Tí mi ò bá gbá a, fò ó.

7.

Ìdánwò. Ewé mẹ́wàá ni wọ́n to sórí pátákó. Sàídì dúró lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú garawa rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ìdánwò ń lọ.

Mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ọ̀gá Olúsànyà fi ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Ojú rẹ mú." Ẹ̀rín ń pa Sàídì lọ títí a fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta dòdò lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú dòdò lẹ́nu. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

8.

Kí n sọ òótọ́: mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Mo fẹ́ràn kakí tí wọ́n fún wa. Mo fẹ́ràn bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń dìde nígbà tí mo bá wọ oko wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló ń mú wọn dìde. Ìyá mi ló ń fọ kakí mi, tó sì ń lọ̀ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun ni awògi tí Ọ̀gá ń fi yangàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n gbàdúrà fún ojú mi.

Ìyá mi ṣe àmín. Ó ké e sókè.

9.

Nídìí igi kan lọ́nà Ìkòyí, a ti jẹun tán.

SÀÍDÌ: Sọ fún Ọ̀gá.

ÈMI: Kí n sọ kí ni fún un?

SÀÍDÌ: Pé ojú ẹ ò mọ pupa. Kó jẹ́ kí n máa wò, kí ìwọ máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣebí bá a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn.

ÈMI: Wọ́n á lé mi.

SÀÍDÌ: Wọ́n lè má lé ẹ.

ÈMI: Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

SÀÍDÌ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ.

(Mo wo ibòmíràn.)

SÀÍDÌ: Ọwọ́ ẹ ńkọ́? Níjẹta, o fọwọ́ kan ẹ̀ka kan, o ní ó ti ń wú. Èmi tí mo lójú ò tíì rí i.

ÈMI: Ọwọ́ máa ń lọ́ra. Tí n bá ní kí n máa fọwọ́ wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ogún igi ni màá wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fẹ́.

SÀÍDÌ: Kó o kúkú jẹ́ awògi ológún.

Mo rò pé ó bú mi ni. Ọjọ́ méjì ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀ ju iṣẹ́ lọ.

10.

ÌKÉDE

*Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, awògi yóò wọ oko Susannah Ọ̀ṣúnrónkẹ́ lọ́nà Wásinmi. Kí olóko wà lórí oko rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa àmì ọ̀dà rẹ́.*

(Mo já èyí kúrò lára igi odán iwájú kóòtù lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti parí. Ibi tí wọ́n kan ìṣó sí ṣì wà lára rẹ̀.)

11.

Oko yẹn, ìyá mi àti bàbá mi ló jọ gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí mi. Ọgọ́fà igi. Àwọn ọmọ tó ṣáájú mi kò dúró, èmi nìkan ló dúró. Nígbà tí bàbá mi kú, oko náà ni ìyá mi ń jẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Fádáre ló bá wa pààlà. Àgbàlagbà ni, aláwàdà, tí ẹnu rẹ̀ mú. Èmi àti Sàídì ti wọ oko tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, a sì kun igi méjìdínlógún. Wọ́n ń ṣàìsàn lóòótọ́. Garawa dún méjìdínlógún ìgbà, ọwọ́ mi sì kan ìwú lára púpọ̀ nínú wọn.

Wọ́n gé wọn. Baba náà jókòó sórí kùkùté kan títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó dúró sí ìkóríta, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá:

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Ààlà kan ṣoṣo ló wà láàárín oko mi àti ti Ọ̀ṣúnrónkẹ́. Àbí àrùn máa ń bọ̀wọ̀ fún ìyá awògi ni?"

12.

Iṣẹ́ tí Sàídì fi rán awakọ̀ kan láti Àpòmù, bí awakọ̀ náà ṣe jẹ́ ẹ fún mi:

"Ó ní ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ làwọn ń ṣe lọ́wọ́. Ó ní ọ̀túnla lòun máa dé. Ó ní kó o má lọ sóko ìyá ẹ láìsí òun. Ó sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó o dúró de òun."

12 (ìkejì).

Ìdí tí n kò fi dúró:

Fádáre ń sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sì ti ń gbà á gbọ́.

Ọ̀gá Olúsànyà ń bọ̀ wá yẹ ìwé wò lọ́jọ́ kejì.

Mo ti ṣe iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́ta. Mo rò pé ojú mi ti kọ́ ọ. Mo rò pé ohun téèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́, tó bá pẹ́ títí, ara á mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta yìí ló dùn mí jù.

13.

ÌYÁ: Ìwọ nìkan? Sàídì ńkọ́?

ÈMI: Ó lọ ṣọdún.

ÌYÁ: Ta ló máa gbé ọ̀dà?

ÈMI: Màá gbé e fúnra mi, Ìyá.

ÌYÁ: Ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì, wàá wá fi ẹnu gbé garawa? Gbé e wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe gbé ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun igi rẹ̀ sórí, tó sì ṣáájú mi lọ sóko.

14.

Igi kìíní. Mo fi ọwọ́ wo ẹ̀ka rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó jọ̀lọ̀. Mo fò ó.

Igi kejì. Ó jọ̀lọ̀. Mo fò ó.

Títí dé ogún. N kò kan ìwú kankan. Oòrùn ti gòkè. Ìyá mi ń tẹ̀lé mi, ìrìn rẹ̀ sì fúyẹ́. Mo gbọ́ tó ń kọ orin ìsìn kan lábẹ́ ohùn.

15.

FÁDÁRE (láti ààlà, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì): Ẹ wá wò ó o! Igi tèmi, ojú ló fi wò ó. Ti ìyá ẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ọmọ tuntun!

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

FÁDÁRE: Kú iṣẹ́ o, awògi! Má jẹ̀ẹ́ kó ké!

Ìyá mi dákẹ́ orin.

16.

Mo mú ọwọ́ mi kúrò lára igi.

17.

Mo já ewé tuntun kan, mo gbé e sókè sí oòrùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa. Mo wò ó. Ewé ni. Àwọ̀ kan náà ni láti etí dé etí, bí amọ̀ tí òjò pa. Mo ń retí kí garawa dún. Garawa wà lọ́wọ́ ìyá mi, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kó dún.

Mo kun igi náà.

Mo já òmíràn. Èyí dà bí ẹni pé ó ṣókùnkùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo kùn ún. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ṣókùnkùn, mo fò ó. Nígbà tó yá, n kò mọ èyí tó ṣókùnkùn mọ́. Mo ń kùn, mo ń fò, mo ń kùn. Mo padà sẹ́yìn, mo kùn lára àwọn ogún tí ọwọ́ mi ti dá láre. Ẹ̀rín ti dákẹ́ ní ààlà.

Lẹ́yìn igi kejìlá tí mo kùn, ìyá mi sọ̀rọ̀.

ÌYÁ: Àlàbá, ṣé o rí i?

ÈMI: Mo rí i, Ìyá.

ÌYÁ: Ó dáa.

Ó gbé garawa sún mọ́ mi kí n lè ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́.

18.

Mọ́kànlélọ́gọ́ta.

19.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí. Ọdún méje ni mo ti fi ń yí ìbéèrè náà wò.

Bí pupa bá wà lára ewé yẹn, ó ń wò bóyá ojú mi ti là.

Bí kò bá sí pupa lára rẹ̀, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún mi kí n lè jáde.

20.

~~Èmi Ọ̀ṣúnrónkẹ́, mo dúró pẹ̀lú garawa, mo sì rí i pé ewé náà~~

(Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá mi ló ń sọ ọ́. N kò lè kọjá ibẹ̀ yẹn.)

21.

*Sí Àlàbá Gbádégẹṣin, awògi.*

*A rí àbọ̀ iṣẹ́ rẹ lórí oko Susannah Ọ̀ṣúnrónkẹ́. A gbọ́ pé ìyá rẹ ni olóko náà, a sì rí i pé o kò ṣe ojúsàájú. Orúkọ rẹ ni a ó máa dá fún àwọn awògi tuntun. Àwọn agégi tó wà ní Wásinmi yóò yà síbẹ̀ lónìí.*

*Olúsànyà, alábòójútó.*

22.

Igi aláìsàn, àti gbogbo igi tó bá fara kàn án. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, igi mẹ́ta ló kù, ní igun oko.

Ìyá mi bu omi fún àwọn agégi. Ó ń gba ife padà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn kú iṣẹ́.

23.

Sàídì dé lọ́jọ́ tó ní òun máa dé. Aṣọ ọdún ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bá mi láàárín oko.

SÀÍDÌ: O ò lè dúró dè mí, Àlàbá? Ọjọ́ méjì péré?

ÈMI: Wo ewé. Jọ̀ọ́, wo ewé kó o sọ fún mi.

(Ó tẹ̀ ba, ó mú ẹ̀ka kan. Ó gbé ewé rẹ̀ sókè. Ó mú òmíràn. Ó mú tó mẹ́wàá.)

SÀÍDÌ: Wọ́n ti rọ. Gbogbo ẹ̀ ti ń gbẹ. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ báyìí.

ÈMI: Wò ó dáadáa.

SÀÍDÌ: Mo ti wò ó. Mi ò rí nǹkan kan.

Ó jókòó tì mí sórí igi tó wó. Ó sunkún ṣáájú mi.

24.

Lẹ́tà mẹ́ta.

*Àkọ́kọ́ (mo ya á):* Ọ̀gá mi, mo kọ̀wé láti fi tó yín létí pé ojú mi

*Èkejì (n kò fi ránṣẹ́):* Ọ̀gá mi, ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ kìíní. N kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Sàídì ló ń bá mi rí i. Igi mọ́kànlélọ́gọ́ta tí mo kùn lóko ìyá mi, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣàìsàn tàbí wọn kò ṣàìsàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ

(N kò mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n fún. Igi ti wó.)

*Ẹ̀kẹta (èyí tó dé ọwọ́ wọn):* Ọ̀gá mi, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yìn kò dùn mí.

25.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Àpòmù, ìbátan Sàídì, gbà mí sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, mo ti gbaradì. Mo ti tún un sọ fún ara mi láti Ìkirè títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

ÈMI: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Mi ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Ọ̀GÁ: Hẹn? Ìwọ ṣáà ti fá pákó yẹn.

Bó ṣe tán nìyẹn. Bó ṣe kéré tó nìyẹn. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sì sunkún débi pé wọ́n rò pé àáké ló gé mi.

26.

Mo lè fi àtàǹpàkò mọ ibi tí pákó ti ga ju ara rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga ju irun lọ.

Mo lè gbá pákó kí n gbọ́ bóyá kòkòrò ti wà nínú rẹ̀.

Bí oníbàárà bá fẹ́ kí n kun àga, mo máa ń ní kó wá ẹlòmíràn. N kì í ṣàlàyé gígùn. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n rín in tán.

Mo lọ́ra. Àga tí ẹlòmíràn ń fi ọjọ́ mẹ́ta kàn, ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń kan tèmi. Ó ti yé mi báyìí ohun tí Sàídì ń sọ nídìí igi lọ́nà Ìkòyí. Kì í ṣe pé ó bú mi. Ó ń sọ pé ogún igi tó jẹ́ òótọ́ wà níbẹ̀ fún mi lójoojúmọ́, pé mo sì lè gbà á. Oko ìyá mi ni mo fi kọ́ ohun tí ó sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, inú mi kò sì dùn sí ìmọ̀ náà.

27.

Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Fádáre sọ, ọdún 1952, nígbà tó wá ní kí n kan ilẹ̀kùn fún òun. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Inú ló ń bí mi nítorí igi tèmi. Mo ní kí ojú tì ọ́ díẹ̀, kó o kun márùn-ún, kó o kun mẹ́wàá, kí n lè sinmi. Mi ò ní kó o pa oko run. Nígbà tó o kùn ún dé bí ogójì, mo fẹ́ pariwo pé ó tó. Ẹnu mi ò gbà á. Ìyá ẹ yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan. Títí dòní, tí mo bá rí i lọ́nà ọjà, mo máa ń yà sí apá kejì."

Mo bi í bóyá òun rí ewé tí mo gbé sókè.

"Láti ààlà? Ojú wo ni mo ní, Àlàbá? Ìyá ẹ nìkan ló sún mọ́ ọ."

28.

Ìyá mi nìkan ló sún mọ́ mi.

Ojú rẹ̀ mọ pupa. Ó rí gbogbo ewé náà bí mo ṣe ń gbé wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ bóyá mo gba àwọn oko yòókù kalẹ̀ lọ́wọ́ àrùn, tàbí mo pa oko tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ti mọ̀ ọ́n fún ọdún méje, ó ń kí mi káàbọ̀, ó ń bu oúnjẹ fún mi, kò sì dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

N kò bi í rí. Bí mo bá bi í, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

29.

*Àlàbá ọmọ mi. Ilẹ̀ oko ti sinmi tó. Wọ́n ní a lè gbin kòkó padà síbẹ̀. Mo ti fa ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ tán. Wá kí a jọ wo ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. N kò ṣàìsàn o, má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já. Èmi ìyá rẹ, Susannah Ọ̀ṣúnrónkẹ́. (Ọláníyì ọmọ ilé ẹ̀gbẹ́ wa ló bá mi kọ ọ́.)*

30.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi, Ìkirè, ọ̀sán Àbámẹ́ta. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀.

ÈMI: Ìyá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan.

ÌYÁ: Sọ ọ́, mo ń gbọ́.

ÈMI: Mi ò mọ pupa. Láti kékeré. Mi ò rí i rí.

ÌYÁ: Mo mọ̀.

ÈMI: Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tá a jọ lọ sóko?

ÌYÁ: Èmi tí mo bí ọ.

ÈMI: Kí ló wá dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n ṣe é?

(Ó ṣẹ́ ẹ̀gúsí bíi mẹ́rin.)

ÌYÁ: Wọ́n ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Tí n bá ní kó o dúró, níwájú wọn, wọ́n á mọ̀. Mo ní igi ni. Mo ní a tún lè gbin igi.

ÈMI: Ìyá.

ÌYÁ: Mo sì bi ọ́. Mo bi ọ́, o ní o rí i.

ÈMI: Ẹ rí ewé yẹn. Gbogbo ewé tí mo gbé sókè.

ÌYÁ: Mo rí wọn. Gbogbo wọn.

ÈMI: Ṣé pupa wà níbẹ̀?

(Ó da èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú igbá. Ó fi etí ìró nu ọwọ́. Ó wò mí lójú.)

ÌYÁ: Èwo lo fẹ́ kí n sọ fún ọ?